Àpótí cigar bàbá wa gbẹ táútáú, ọyẹ́ sì ti dé: ẹ gbà mí nímọ̀ràn kíákíá

ỌmọAjílété
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Ẹ̀gbọ́n mi fi àpótí cigar ránṣẹ́ sí bàbá wa láti Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń pè ní humidor, tó máa ń pa ọ̀rinrin ara cigar mọ́ kí wọ́n má baà gbẹ. Ọjọ́ Àìkú yìí la ó ṣe ọjọ́ ìbí wọn. Àpótí náà gbẹ táútáú, àwọn cigar sì ti ń ya lára bí mo bá fọwọ́ tẹ̀ wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni mo ti lè rí omi tó dáa tí màá fi nù ún nínú ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí? Ta ló mọ̀ ọ́n ṣe? Ọyẹ́ ò dúró de ẹnìkan.

Ìyá Ìbejì Táàkì
Omi bátìrì ni kẹ́ ẹ rà. Àwọn oníbátìrì tó wà ní Táàkì ń tà á, kò wọ́n. Ẹ fi aṣọ funfun nù ún nínú, ó parí.

Akẹ́kọ̀ọ́ UnderG
Màámi, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ìyẹn. Oríṣi méjì ni wọ́n ń tà ní omi bátìrì. Ọ̀kan jẹ́ omi tí wọ́n ti yọ iyọ̀ inú rẹ̀ kúrò, èkejì ní ásíìdì nínú, ó sì lè ṣòro láti fi ojú dá wọn mọ̀. Ẹ má fi ásíìdì nu ibi tí bàbá yóò ti máa mú nǹkan fi sẹ́nu. Omi dísítílì ni kẹ́ ẹ wá, ìyẹn omi tí wọ́n sè tí wọ́n sì gba oru rẹ̀ padà di omi. Ẹ béèrè ní kẹ́míìsì, tàbí kẹ́ ẹ mọ ẹnìkan tó wà ní yàrá ìṣàyẹ̀wò ní yunifásítì LAUTECH. Omi ẹ̀rọ àti omi kànga ní èròjà tó ń dí fóòmù tó ń gba omi dúró nínú àpótí, wọ́n sì lè jẹ́ kó bu.

Alàgbà Kínníra
Omi nìkan kọ́, bí wọ́n ṣe ń fún un ni ẹjọ́ wà. Ẹ má nù ún ní aṣọ tútù rárá. Pátákó inú rẹ̀ fẹ́lẹ́. Bó bá mu omi lójijì, á wọ́, ọmọrí ò sì ní dé pinpin mọ́. Ẹ bu omi dísítílì sínú abọ́ kékeré, ẹ gbé e sínú àpótí náà ní òfìfo, ẹ pa á dé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Igi á máa fà á díẹ̀díẹ̀. Tí mítà ọ̀rinrin inú rẹ̀ bá ti dúró sí àárín 65 sí 72 nínú ọgọ́rùn-ún, tí kò gùn tí kò sọ̀, ìgbà yẹn lẹ lè kó cigar wọlé. Tẹ́ ẹ bá kó wọn sí i báyìí, igi ló máa fa omi ara wọn mu. Bí obì ni wọ́n rí: ọyẹ́ á gbẹ wọ́n, ooru á mú kòkòrò wọ̀ wọ́n.

Ṣé mítà wà nínú rẹ̀? Ẹ kọ́kọ́ dán an wò. Ẹ bu iyọ̀ sínú ọmọrí ìgò, ẹ fi omi díẹ̀ rin ín, kó má yọ́ tán. Ẹ kó òun àti mítà sínú ọ̀rá kan, ẹ dì í pa di ọjọ́ kejì. 75 ló yẹ kó kà. Bó bá ka 70, ẹ mọ̀ pé ó ń fi 5 dín.

Dáúdù Wásò
Ẹ má jẹ́ kí káfíńtà kankan fọwọ́ kàn án o! Mo gbé tèmi fún ẹnìkan pé kó bá mi pààrọ̀ pátákó inú rẹ̀ tó ti là. Igi tútù ló fi ṣe é, ó tún fi fánísì kun inú rẹ̀ kó lè máa dán. Fánísì, nínú humidor! Òórùn náà wọ inú gbogbo cigar mi, kò sí èyí tó ṣeé fi sẹ́nu. Nígbà tí igi náà sì gbẹ, ó fà sẹ́yìn, àlàfo yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọrí. Mo béèrè owó mi, ó ní iṣẹ́ òun dára.

Ìyá Ìbejì Táàkì
Yéè! Apá ibo nínú ìlú nìyẹn, ká lè yẹra?

Káfíńtà Aróje
Bọ̀dá Dáúdù, ẹ pẹ̀lẹ́, ohun tí wọ́n ṣe fún yín ò dáa. Àmọ́ ẹ má fi ti ẹnìkan ba ti gbogbo wa jẹ́. Ẹni tó mọṣẹ́ ò ní kun inú àpótí bẹ́ẹ̀ ní fánísì, kò sì ní lo igi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti sọ́míìlì dé. Cedrela ni wọ́n máa ń tẹ́ sínú rẹ̀. Ìhà Amẹ́ríkà tó móoru ló ti wá, ìdílé kan náà lòun àti ọ̀gànwó wa, wọ́n sì ti gbìn ín nílẹ̀ wa pẹ̀lú. Òórùn rẹ̀ dùn, kòkòrò ò fẹ́ràn rẹ̀. Ọ̀gànwó tó gbẹ dáadáa náà ṣeé lò.

Dáúdù Wásò
Ọ̀gànwó kẹ̀? Ọ̀gànwó náà ló sọ fún mi pé òun lò!

Káfíńtà Aróje
Fánísì àti igi tútù ló bà á jẹ́, bọ̀dá mi. Ẹ tún ohun tí mo kọ kà.

Ọmọ Òkè-Ògùn
Kí lẹ ń ja sí? Àwa la mọ tábà. Bàbá bàbá mi gbìn ín, wọ́n máa ń so ewé rẹ̀ kọ́ sí ilé tí wọ́n ń dáná sí kó lè gbẹ. Wọn ò ra àpótí kankan. Ẹ kó káfúrà sí i, kòkòrò ò ní dé ibẹ̀.

Alàgbà Kínníra
Ẹ má fi káfúrà sí i o, ẹ jọ̀ọ́! Tábà ń fa òórùn gan-an. Ewé tí wọ́n gbẹ fún títà àti cigar tí wọ́n ti wé tán kì í ṣe nǹkan kan náà. Tẹ́ ẹ bá ń bẹ̀rù kòkòrò, ẹ gbé àpótí sí yàrá tó tutù jù nínú ilé. Bí ooru bá ti kọjá nǹkan bí 24 lórí ìwọ̀n Celsius, ẹyin kòkòrò tábà lè pa nínú ewé, ihò ni wọ́n á sì máa lu kiri.

Ìyá Ìbejì Táàkì
Ẹ kó wọn sí fíríìjì nígbà náà.

Akẹ́kọ̀ọ́ UnderG
Rárá, màámi. Fíríìjì ń gbẹ nǹkan, òórùn ẹja àti ata á sì wọ̀ wọ́n.

Nọ́ọ̀sì Sábó
Mo kí bàbá kú oríire ọjọ́ ìbí o. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ro ọ̀rọ̀ èéfín yìí náà. Ó ń pa ẹni tó ń fà á lára, ó ń pa ọmọdé tó jókòó tì í lára. Òfin tábà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015 sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ tà á fún ọmọ tí kò tíì pé 18. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé e káàkiri láàárín àwọn ọmọ-ọmọ. Bí bàbá bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ bá dókítà wọn sọ̀rọ̀.

ỌmọAjílété
Ẹ ṣeun gbogbo yín. Àpò pẹlẹbẹ méjì wà nínú ẹrù náà tí wọ́n kọ Boveda 84 sí lára. Àpótí náà lè gba cigar 50, ṣùgbọ́n 20 ni ẹ̀gbọ́n mi kó sí i. Ṣé kí n kó àwọn àpò náà tì wọ́n?

Akẹ́kọ̀ọ́ UnderG
Háà, ẹ̀gbọ́n! Ohun tá à ń wá látàárọ̀ ló wà lọ́wọ́ yín yẹn. Àpò tó ń fún àpótí ní ọ̀rinrin ni Boveda, nọ́ńbà ara rẹ̀ sì ni ìwọ̀n ọ̀rinrin náà nínú ọgọ́rùn-ún. Àpótí òfìfo ni 84 wà fún. Àpò kan fún àyè cigar 25, nítorí náà méjèèjì tó. Ẹ kó wọn sínú rẹ̀, ẹ dé e, ẹ má ṣí i fún ọjọ́ 14. Lẹ́yìn náà ẹ ra 69 tàbí 72, ìyẹn ló máa bá cigar gbé. Ẹ kó àwọn cigar sínú ike tó dé pinpin ní báyìí, pẹ̀lú fóòmù tẹ́ ẹ fi omi dísítílì rin díẹ̀. Kó má kàn wọ́n.

Alàgbà Kínníra
Ẹ rọra o. Cigar tó ti gbẹ, bó bá mu omi lẹ́ẹ̀kan náà, ewé ara rẹ̀ á bẹ́. Wọn ò ní bọ̀ sípò kó tó di ọjọ́ Àìkú.

ỌmọAjílété
Mo ti bá bàbá sọ ọ́. Wọ́n ní àwọn ò ní fi ohun tí ọmọ àwọn fi ránṣẹ́ pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ká pín àwọn cigar fún àwọn ọ̀rẹ́ àwọn lọ́jọ́ Àìkú bí wọ́n ṣe wà. Ìta ni wọ́n á ti mu ún, nọ́ọ̀sì, mo ti bẹ̀ wọ́n. Wọ́n fẹ́ràn àpótí náà gan-an, ó sì ní kọ́kọ́rọ́. Ìwé ilẹ̀ àti ìwé owó ìfẹ̀yìntì ni wọ́n fẹ́ máa kó sí i.

Alàgbà Kínníra
Ti bàbá ni, ohun tó wù wọ́n ni kí wọ́n fi ṣe. Ẹ ṣáà má fi omi kankan sí i mọ́, kí ìwé má baà bu.

Dáúdù Wásò
Àwọn àpò 84 yẹn ńkọ́? Mo fẹ́ tún tèmi tẹ́. Ṣé ẹ lè tà wọ́n fún mi?

ỌmọAjílété
Ẹ wá mú wọn, bọ̀dá mi, mi ò gbowó. Ẹ kọ̀wé sí mi ní kọ̀rọ̀.