Àbọ̀ lórí ìdíje jíọ́gíráfì: a ti ṣe é tán o

Ẹ kú àdúrótì. Mo béèrè lọ́wọ́ yín nígbà kan bí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣe lè múra fún ìdíje jíọ́gíráfì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jákèjádò orílẹ̀-èdè. Ó ti parí. Kò gbégbá orókè, àmọ́ ó dé ìpele àṣekágbá, inú wa sì dùn dọ́ba.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kó yéé há orúkọ olú-ìlú sórí, kó máa béèrè ìdí nǹkan, ẹ ṣé gan-an. Níbi ìdíje náà, wọ́n bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé: òkè wo ni ṣóńṣó rẹ̀ jìnnà jù sí àárín gbùngbùn ayé? Ọ̀pọ̀ sáré kọ Everest. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kọ Chimborazo, òkè kan ní Ecuador. Ayé wú síta díẹ̀ níbi ìlà agbedeméjì rẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni òkè yẹn fẹ̀gbẹ́ tì. Bẹ́ẹ̀, tá a bá wọn gíga láti ojú òkun, Everest fi ohun tó lé ní 2,500 mítà jù ú lọ!

Máàpù ló fìyà jẹ ẹ́. Lórí máàpù 1:50,000 (ìyẹn ni pé sẹ̀ǹtímítà 1 lórí rẹ̀ dúró fún sẹ̀ǹtímítà 50,000 lórí ilẹ̀), sẹ̀ǹtímítà 4 jẹ́ kìlómítà 2. Ó mọ̀ ọ́n nílé, àyà rẹ̀ já níbẹ̀.

Ẹni tó béèrè nípa ìdíje jíọ́gíráfì ti àgbáyé, iGeo (International Geography Olympiad) ni wọ́n ń pè é: akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin láti orílẹ̀-èdè kan, ọmọ ọdún 16 sí 19, iṣẹ́ ojú pápá sì wà níbẹ̀. Ọmọ tiwa ṣì kéré. Mo ti pa ìbéèrè mi dé.