Báwo lẹ ṣe ń yẹ ọpọlọ aláìsàn wò ní wọ́ọ̀dù? Ẹ wá là mí lọ́yẹ

Ọmọ Wọ́ọ̀dù Tuntun:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin tèmi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí wọ́ọ̀dù àwọn àgbàlagbà ni o, gbogbo ìgbà tá a bá ti ń yẹ aláìsàn wò, ó máa ń dé ibì kan nínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n á ní kí n kọ mental state ẹ̀, ìyẹn bí ọpọlọ ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ sí, sílẹ̀. Ohun tó yé mi látìbẹ̀rẹ̀ ò ju pé kí n bi í lórúkọ, ibi tó wà, ọjọ́ tí òní jẹ́, tó bá ti gbà á ká kọ ọ́ pé orí ẹ̀ pé. Àmọ́ mo ń rí àwọn tó gba gbogbo ẹ̀ tí ọkàn mi ò sì balẹ̀ lórí wọn rárá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí, kí lẹ máa ń wò gan-an? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi gírámà pa mí o, bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe é lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni kẹ́ ẹ sọ.

Nọ́ọ̀sì Òru:
Àbúrò, ìbéèrè gidi lo bi yìí. Kéèyàn mọ orúkọ ẹ̀ kó sì mọ ibi tó wà, ìyẹn ò ní kí orí ẹ̀ má dàrú.

Èmi ò tíì ní la ẹnu tí mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò tèmi. Látẹnu ilẹ̀kùn ni mo ti ń wò ó, ṣé ó gbójú sókè nígbà tí mo wọlé àbí àjà ló tẹjú mọ́, ṣé ó wọ aṣọ bó ṣe yẹ kéèyàn wọ̀ ọ́ àbí ó kọ ọ́ sódì, ṣé ó lè jókòó sójú kan, ṣé ọwọ́ ẹ̀ ń ṣa nǹkan tí ò sí lórí aṣọ ìbora, ṣé ó ń bá ẹni tí mi ò rí sọ̀rọ̀. Kí n tó kí i tán mo ti mọ ìdajì ohun tí mo fẹ́ mọ̀. Tó bá wá dáhùn, mo máa tẹ́tí sí bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ṣé ó ń sáré débi pé n ò ríbi já lu ọ̀rọ̀ ẹ̀, àbí ṣe ló ń fà á kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bíi pé ọ̀rọ̀ ń ná an lówó. Tí ahọ́n ẹ̀ bá wúwo lójijì tí ẹnu ẹ̀ sì wọ́, má dúró kọ mental state kankan o, stroke ni kó o kọ́kọ́ rò, pe dọ́kítà kíá.

Bàbá kan wà lọ́dọ̀ wa tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n, wọn kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, gbogbo ẹni tó ti dé bẹ́ẹ̀dì wọn ló kọ ọ́ pé ara wọn balẹ̀. Mo bi wọ́n lórúkọ, wọ́n dáhùn. Ibi tá a wà, wọ́n ní ọsibítù. Ọdún tá a wà, wọ́n gbà á. Mo wá ní bàbá, ẹ bá mi ka oṣù láti Dìsẹ́ńbà bọ̀ wá sẹ́yìn. Wọ́n ní "Dìsẹ́ńbà… Nòfẹ́ńbà… Ọkitóbà…" wọ́n dákẹ́, wọ́n wo ọ̀nà fèrèsé, wọ́n tún ní "Dìsẹ́ńbà", wọ́n wá yíjú sí mi pé ta ló so ajá mọ́ ibẹ̀ yẹn. Kò sí ajá níbẹ̀ o. Ìgbà tá a máa yẹ ara wọn wò, àpò ìtọ̀ wọn ti kún bámúbámú, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti tọ̀ gbẹ̀yìn, wọn ò sì sọ fún ẹnì kankan. A fi rọ́bà fa ìtọ̀ yẹn, dọ́kítà dín oògùn ìrora tó ń kùn wọ́n lóorun kù, díẹ̀díẹ̀ lorí wọn ń pé bọ̀ wá.

Delirium, ìyẹn kí orí èèyàn ṣàdédé dàrú torí nǹkan tó ń ṣe ara ẹ̀, èyí tó dákẹ́ báyìí gan-an ló ń bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹni tó ń pariwo tó ń fa wáyà ya, gbogbo wọ́ọ̀dù ló máa mọ̀ pé nǹkan ti ṣe é, ẹni tó dùbúlẹ̀ jẹ́jẹ́ wọ́n á ní ó ń sinmi.

Dọ́kítà Kékeré:
Ẹ̀gbọ́n ti là á mọ́lẹ̀, ibi oṣù yẹn gan-an ni kókó. Ohun tí mo máa fi kún un ni bó ṣe yẹ kó tò tẹ̀ léra, torí ọ̀pọ̀ nínú wa ló máa ń sáré lọ síbi ìrántí. Kọ́kọ́ wo bó ṣe jí sí. Lẹ́yìn náà, àfiyèsí, ṣé ó lè gbọ́kàn lé nǹkan kan fún ìṣẹ́jú kan? Ìgbà yẹn lo tó lè wo bóyá ó ń gbọ́ èdè, kó o tó wá dé ọ̀dọ̀ ìrántí. Àfiyèsí lẹnu ọ̀nà, tí ilẹ̀kùn yẹn bá tì, kò sí ọ̀rọ̀ tó o máa sọ tó máa wọlé, o ò sì lè wá sọ pé ìrántí ẹ̀ ò dáa nígbà tí ọ̀rọ̀ ò tiẹ̀ wọlé rí.

Fún bó ṣe jí sí, Glasgow Coma Scale tí Teasdale àti Jennett gbé jáde lọ́dún 1974 ni gbogbo ayé ń lò, 3 ló kéré jù, 15 ló pọ̀ jù. Àmọ́ kẹ́nikẹ́ni má rí 15 kó wá máa yọ̀, bàbá tẹ́ ẹ̀gbọ́n sọ yẹn máa gba 15 láàárọ̀, delirium sì wà lára wọn.

4AT, àyẹ̀wò kúkurú tá a fi ń wá delirium, lèmi fẹ́ràn jù torí kò tó ìṣẹ́jú méjì, kò sì gba ẹ̀kọ́ pàtàkì. Ohun mẹ́rin ló ń wò. Àkọ́kọ́, bó ṣe jí sí, tí oorun bá ń kùn ún jù tàbí tí kò lè sinmi tó ń ta gìrì kiri, 4 nìyẹn lójú ẹsẹ̀. Ìkejì, ọjọ́ orí ẹ̀, ọjọ́ ìbí ẹ̀, ibi tó wà, ọdún tá a wà, tó bá ṣi ọ̀kan 1, tó bá ṣi méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ 2. Ìkẹta, oṣù láti ẹ̀yìn, tó bá ka méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìṣì í, kò sí máàkì, tó bá bẹ̀rẹ̀ tí kò dé méje tàbí tó ní òun ò ṣe, 1, tí kò bá ṣeé dán wò rárá, 2. Ìkẹrin, ṣé ìyípadà yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni àbí ó ń lọ ó ń bọ̀, tó bá rí bẹ́ẹ̀, 4. Tí àròpọ̀ bá ti dé 4, fojú delirium wò ó kó o wá ìdí ẹ̀: infẹ́kṣọ̀n, ṣúgà tó lọ sílẹ̀, ọ́síjìn tí ò tó, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ tó dàrú, ìtọ̀ tó há, ìgbẹ́ tó há, ìrora, oògùn tuntun, ọtí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáwọ́ nínú ẹ̀. Tó bá jẹ́ 1 sí 3, ó lè jẹ́ pé orí ẹ̀ ti ń dà á láàmù tipẹ́, kò ní ká má wò ó.

Ìkẹrin yẹn, aláìsàn ò lè dá a dáhùn fún ẹ o. Pe ẹni tó ń bá a gbé, má bi í pé "ṣé orí ẹ̀ pé?", bi í pé "ṣé ẹ rò pé orí wọn ti dàrú ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ?" Ìbéèrè kan ṣoṣo yìí máa ń ṣiṣẹ́ ju fọ́ọ̀mù gígùn lọ nígbà míì.

Ọmọ Wọ́ọ̀dù Tuntun:
Ẹ ṣé gan, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Èyí tí wọ́n ń pè ní MMSE àti MoCA wá ńkọ́? Mo sì ní ìyá kan tí wọn ò lọ síléèwé rí, wọ́n ní kí n ní kí wọ́n máa yọ 7 kúrò nínú 100, ìyá kàn ń wò mí ṣáá ni.

Dọ́kítà Kékeré:
Àwọn yẹn wà fún ọ̀rọ̀ ìgbàgbé tó ti pẹ́, kì í ṣe fún ẹni tí orí ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dàrú lánàá. MMSE ti wà láti 1975, MoCA láti 2005, 30 làwọn méjèèjì fi ń gba máàkì. Nínú MMSE, ibi tó bá ti lọ sísàlẹ̀ 24 la máa ń fura, MoCA ní tiẹ̀ 26 sókè ló kà sí dáadáa, ẹni tí ò kàwé ju ọdún 12 lọ wọ́n á fi 1 kún tiẹ̀. O rí i pé àwọn tó ṣe é gan-an mọ̀ pé ìwé kíkà ń dá sí i. 93, 86, 79, 72, 65, ìṣírò niyẹn, ẹni tí ò kọ́ ìṣírò ò níí ṣe é bí orí ẹ̀ tiẹ̀ pé ju tèmi àti tìẹ lọ. Ní kí ìyá ka ọjọ́ ọ̀sẹ̀ láti ẹ̀yìn wá, ìyẹn tó.

Kẹ́ ẹ tó ṣe ìkankan, ẹ wo etí àti ojú. Kí ẹ̀rọ ìgbọ́ràn wà létí, kí gíláàsì wà lójú, kí bátìrì má ti kú. Ó yà mí lẹ́nu iye èèyàn tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé orí wọn ò pé tó jẹ́ pé wọn ò gbọ́ ìbéèrè ni.

Ògbufọ̀:
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ n dá sí i, torí iṣẹ́ ìtumọ̀ ni mo ń ṣe fáwọn ọsibítù. Tí èdè aláìsàn bá yàtọ̀ sí tiyín, ẹ má lo ọmọ ẹ̀ tàbí ìyàwó ẹ̀ fún àyẹ̀wò yìí, àfi tó bá jẹ́ pàjáwìrì. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ purọ́ o, ìfẹ́ ló ń jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe. Bàbá á sọ gbólóhùn mẹ́ta tí kò so mọ́ra, ọmọ á kó o jọ, á dọ́gba ẹ̀, á ní "ó ní ara ń ro òun díẹ̀." Ọ̀rọ̀ tí kò so mọ́ra yẹn gan-an ni dọ́kítà ń wá! Ìwọ̀nba tí mo máa ń bẹ dọ́kítà ni pé kí wọ́n sọ fún mi ṣáájú pé ọpọlọ là ń yẹ̀ wò, kí n lè sọ ọ́ bó ṣe jáde lẹ́nu, kí n sì sọ ọ́ tí ọ̀rọ̀ náà bá dàrú lédè tiẹ̀ náà. Ẹni tó bá gbọ́ èdè méjì, ẹ fi èyí tó kọ́kọ́ sọ láti kékeré dán an wò, ara tí ò le máa ń gbé èdè kejì sá lọ.

Òwe tí wọ́n máa ń fi dán èèyàn wò náà, ẹ fura sí i. Ẹni tí ò gbọ́ òwe yẹn rí máa túmọ̀ ẹ̀ ní ṣákálá, ẹni tó gbọ́ ọ láti kékeré á kàn ka ìtumọ̀ tó ti há sórí. Kò fi bẹ́ẹ̀ sọ nǹkan kan fún yín.

Dọ́kítà Kékeré:
Ògbufọ̀ rán mi létí nǹkan kan. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ geere tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò sì ní orí ò ní ìdí, ẹ má yára pè é ní wèrè. Wernicke ti ṣàlàyé ẹ̀ láti ọdún 1874, ibi tó ń gbọ́ èdè nínú ọpọlọ ló lè bàjẹ́. Ẹ fi bírò hàn án kó sọ orúkọ ẹ̀, ẹ ní kó tún gbólóhùn kúkurú kan sọ, ẹ ní kó fọwọ́ ọ̀tún kan etí òsì. Tí kò bá lè ṣe àwọn yìí tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ stroke ni títí ẹ fi máa rí òmíràn.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀ka Ọpọlọ:
Ẹ ti sọ dáadáa o, ṣùgbọ́n gbogbo yín dúró síbi orí, ẹ ò tíì dé ọ̀dọ̀ ọkàn. Bí inú ẹni náà ṣe rí, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ ni kó o kọ, kó o fi àmì ọ̀rọ̀ sí i. "Ó ní, 'Ó kàn rẹ̀ mí láti máa jí ni.'" Ìyẹn wúlò ju "inú ẹ̀ bàjẹ́" lọ. Lẹ́yìn náà kọ ohun tí ojú tìẹ rí, torí méjèèjì lè má bára mu: ẹni tó ń sọ pé òun wà pa tí omijé ń bọ́, tàbí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ikú èèyàn ẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín. Má túmọ̀ ẹ̀, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Tó bá ní òun ń gbọ́ ohùn, má bá a jiyàn, má sì gbà fún un pé ìwọ náà gbọ́ ọ. Bi í pé kí ni wọ́n ń sọ, ṣé wọ́n ń pàṣẹ fún un, ṣé ó máa ń ṣe é. Àgbàlagbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí nǹkan tí ò sí, ara ni kó o kọ́kọ́ yẹ̀ wò kó o tó ro àìsàn ọpọlọ, oògùn ńkọ́, infẹ́kṣọ̀n ńkọ́, ọtí ńkọ́. Àwọn míì tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé ojú wọn ló ń lọ, wọ́n á rí ọmọdé tàbí òdòdó, wọ́n sì mọ̀ fúnra wọn pé kì í ṣe òótọ́. Ní ti ìgbàgbọ́ tó ṣàjèjì, béèrè lọ́wọ́ àwọn èèyàn ẹ̀ bóyá gbogbo wọn ló gbà á gbọ́ bẹ́ẹ̀, kó o má lọ pe ẹ̀sìn ẹni ní àìsàn.

Èyí táwọn èèyàn máa ń sá fún wá ni ọ̀rọ̀ gbígba ẹ̀mí ara ẹni. Bíbéèrè ò ní gbìn ín sí i lọ́kàn, ọ̀pọ̀ ni ara máa tù pé ẹnì kan béèrè. Bẹ̀rẹ̀ látòkèèrè: ṣé ayé ti ń sú yín? ṣé ó ti ṣe yín rí bíi pé kẹ́ ẹ má jí mọ́? Kó o wá là á mọ́lẹ̀: ṣé ẹ ti ń rò ó pé kẹ́ ẹ pa ara yín? ṣé ẹ ti mọ bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ ṣe é? Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, má fi òun nìkan sílẹ̀, má sì ṣèlérí pé o ò ní sọ fún ẹnì kankan, torí o máa sọ fún àwọn tẹ́ ẹ jọ ń tọ́jú ẹ̀ lójú ẹsẹ̀ ni.

Ọmọ Wọ́ọ̀dù Tuntun:
Háà, ẹ ṣeun púpọ̀. Ìbéèrè kan ló kù: tó bá kọ̀ ńkọ́? Tó ní kí n fi òun sílẹ̀ jàre, òun ò dáhùn ìbéèrè ọmọdé.

Nọ́ọ̀sì Òru:
Ẹ̀tọ́ ẹ̀ ni, ìbéèrè ọmọdé náà ni lójú ẹ̀. Sọ fún un ṣáájú pé gbogbo ènìyàn lo ń bi, àwọn kan á rọrùn àwọn kan á le. Tó bá ṣì kọ̀, má fi "kò ṣeé yẹ̀ wò" sílẹ̀ lásán. Kọ ohun tó o rí: ó jí, ó wò mí lójú, ọ̀rọ̀ ẹ̀ já gaara, ó bínú, ó mọ̀ pé nọ́ọ̀sì ni mí, ó ní kí n padà wá tóun bá jẹun tán. Ẹni tó lè ṣètò irú ìyẹn, àfiyèsí ń bẹ níbẹ̀. Padà lọ lóòótọ́ tó bá jẹun tán o, kó o sì tún wò ó lálẹ́ torí delirium máa ń lọ máa ń bọ̀. Àmọ́ tí kì í bá ṣe pé ó kọ̀, tó jẹ́ pé o pè é, ó la ojú díẹ̀, ó tún sùn lọ kó tó dáhùn, ìyẹn ti tó 4 nínú 4AT kó o tó béèrè ohunkóhun. Yẹ mímí ẹ̀ wò, wọn ṣúgà ẹ̀, wọn ọ́síjìn, wo ìwé oògùn kó o rí ohun tí wọ́n fún un gbẹ̀yìn, kó o sì jẹ́ kí dọ́kítà wá nísinsìnyí, kì í ṣe tó bá di àárọ̀.