Ìbọ̀sẹ̀ tó bá ara mu: ohun tójú wa rí nílé ẹ̀kọ́ ballet Harlem

Láti Bronx

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ ní kí ẹni tó bá ní ọmọ nílé ẹ̀kọ́ Dance Theatre of Harlem, ilé ẹ̀kọ́ ijó ballet kan ní New York, wá sọ bó ṣe rí. Ọdún kẹfà rèé tí ọmọ mi obìnrin ti wà níbẹ̀.

Kì í ṣe ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀. Ilé ijó kan tó sún mọ́ wa ni mo kọ́kọ́ mú un lọ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ. Wọ́n kọ ohun tí a máa rà fún wa: aṣọ dúdú, bàtà pínǹkì, ìbọ̀sẹ̀ gígùn pínǹkì. Mo rà á. Lóṣù kẹta, a ń bọ̀ wálé lálẹ́ ọjọ́ kan, ló bá ní, "Mọ́mì, kí ló dé tí ẹsẹ̀ mi ò jọ tèmi nínú dígí?" Mo ní kó fi sílẹ̀, kì í ṣe nǹkan kan. Èmi gan-an ni ò lè fi í sílẹ̀.

Ìyá tó bí ìyá mi, aláró ni, ní Ìtòkú l'Ábẹ́òkúta. Ìdí ìkòkò aró ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Nígbà tọ́mọ sùn, mo gbé omi kaná, mo da bí ogún àpò tíì Lipton sí i, mo bu iyọ̀ sí i, mo wá ti ìbọ̀sẹ̀ náà bọ̀ ọ́. Mo ń fi igi ọmọrogùn tì í sísàlẹ̀ kó má baà léfòó. Ẹni tó bá ti rẹ aṣọ rí mọ̀ pé aṣọ tútù máa ń tan èèyàn jẹ, bó bá gbẹ ló tó sọ òótọ́. Nítorí náà mo fi ẹ̀rọ irun gbẹ igun kan, mo wọ yàrá lọ jẹ́jẹ́, mo gbé e lé apá ọmọ mi níbi tó sùn sí. Ó ṣì pọ́n jù. Mo dá a padà síná. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo lọ tí mo bọ̀ lóru ọjọ́ náà, ìgbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, mi ò mọ ibi tí ìbọ̀sẹ̀ parí sí tí ara rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Olùkọ́ rẹ̀ ní kò bófin àwọn mu, ó ní kó lọ bọ́ ọ. Ọmọ mi sunkún délé. A ò padà síbẹ̀ mọ́.

Obìnrin ará Ghana kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ òru ló sọ fún mi nípa ilé ẹ̀kọ́ Harlem yìí, ní 152nd Street. A wọ tírénì D lọ́jọ́ Sátidé, a sọ̀kalẹ̀ ní 145th, a fẹsẹ̀ rìn ín débẹ̀. Mo yọjú wo àwọn ọmọbìnrin tó tò sídìí ọ̀pá ìdìmú. Èyí rí bí ẹ̀pà yíyan, èyí rí bí kòkó, òmíràn dú bí èkùrọ́. Láti itan dé ọmọnìka ẹsẹ̀, àwọ̀ kan náà, kò gé níbì kankan. Ọmọ mi di ọwọ́ mi mú, kò sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ará mi, omi bọ́ lójú mi.

Ìgbà tó yá ni mo mọ ìtàn ilé ẹ̀kọ́ náà. Arthur Mitchell, ọmọ Harlem, òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó di aṣáájú oníjó nínú ẹgbẹ́ oníjó New York City Ballet. Nígbà tí wọ́n pa Martin Luther King ní 1968, ó ní àdúgbò tó bí òun lòun máa padà sí. Ní 1969 òun àti olùkọ́ rẹ̀, Karel Shook, dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀. Ọmọ 30 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n di 400. Inú gáréèjì ni wọ́n ti ń kọ́ wọn, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ nítorí ooru, àwọn tó ń kọjá lọ á sì dúró wòran. Láwọn ọdún 1970 ni oníjó wọn kan, Llanchie Stevenson, ní kí wọ́n jẹ́ kóun wọ ìbọ̀sẹ̀ tó bá àwọ̀ òun mu. Mitchell wò ó, ó rí i pé ó dára, ló bá di ti gbogbo ẹgbẹ́. Ohun tí mò ń jí ṣe lóru ní kíṣìnnì mi, ó ti dòfin níbì kan kí wọ́n tó bí mi!

Láti Harlem

Ẹ ṣeun gan-an, mà. Èmi náà kọ́ ballet níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí ní 2004 nígbà tí gbèsè dá ẹgbẹ́ oníjó àgbà dúró, wọn ò sì padà sórí ìtàgé títí di 2012. Àmọ́ ilé ẹ̀kọ́ ò tì títí lọ. Àwa ọmọ ń lọ, a ń bọ̀.

Awakọ̀ tasí ni bàbá mi, ọmọ Ìsẹ́yìn ni wọ́n. Wọn ò fẹ́ gbọ́ pé ọmọkùnrin ń jó ballet. Mọ́mì mi ló fi ẹ̀bẹ̀ mú wọn wá lọ́jọ́ Ìsinmi kan tí wọ́n pe àdúgbò wá wòran. Ẹ̀yìn ni wọ́n dúró sí pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́. Nígbà táwa ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè, mo rí i tí wọ́n sún síwájú díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi jókòó. Nínú ọkọ̀, wọ́n ní, "Bí oníbàtá ṣe ń fò nílé wa nìyẹn. Ta ló kọ́ yín?" Láti ọjọ́ náà, àwọn ni wọ́n ń gbé mi lọ.

Láti Peckham

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, Àǹtí Bronx. Àbúrò mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dìde lórí ọmọnìka ẹsẹ̀. Ní London níbí, ọdún 2018 ni Freed of London, àwọn tó ń ṣe bàtà ijó, àti ẹgbẹ́ oníjó Ballet Black ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé irú bàtà tí wọ́n fi ń dìde bẹ́ẹ̀ jáde ní àwọ̀ ilẹ̀, ṣùgbọ́n àwọ̀ àbúrò mi ṣì dú ju ìyẹn lọ. Ṣé ẹ máa ń rẹ bàtà náà sínú tíì ni?

Láti Bronx

Rárá o, àbúrò mi! Ẹ má ki í bọ omi. Aṣọ àti bébà tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀ ló mú orí bàtà yẹn le. Tómi bá wọ̀ ọ́, ó rọ̀ nìyẹn. Páńkéèkì ìpara ojú ni kí ẹ rà, èyí tó bá ara rẹ̀ mu. Ẹ ki kàn-ìn-kàn-ìn bọ omi, kẹ́ ẹ fún un gbẹ dáadáa, kẹ́ ẹ fi í ra páńkéèkì náà, kẹ́ ẹ wá máa fi í tẹ bàtà náà díẹ̀díẹ̀. Ẹ má gbàgbé okùn rẹ̀. Kó gbẹ mọ́jú. Ilẹ̀ á mọ́ kẹ́ ẹ tó wò ó lára ẹsẹ̀ rẹ̀, torí iná alẹ́ náà máa ń tan èèyàn jẹ.