Àsọtẹ́lẹ̀ kọ́ o: lórí àwòrán, ìhun àti jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìwé ìṣègùn ló fi gbólóhùn kan ránṣẹ́ sínú ẹgbẹ́ atúmọ̀ wa yìí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun pé ká bá àwọn yẹ̀ ẹ́ wò: “Lílo àwòrán ìṣègùn láti sọ àsọtẹ́lẹ̀ àbùdá iṣan jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀.” Àwọn kan ní ó ti dáa bẹ́ẹ̀, àwọn kan ní kí wọ́n fi “ìrísí” rọ́pò “àbùdá”. Èmi ò bá àbùdá jà. Àsọtẹ́lẹ̀ tí wọ́n fi túmọ̀ “predict” àti iṣan tí wọ́n fi túmọ̀ “tissue” ni mò ń bá jà, àsọtẹ́lẹ̀ ló sì dùn mí jù, torí ó ti kó ìtìjú bá mi rí.

Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mò ń ṣe nílé ìwòsàn kan ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. Lọ́jọ́ kan wọ́n pè mí sọ́dọ̀ màmá kan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tí wọ́n rí kókó lára ẹ̀dọ̀ wọn. Dókítà ní àwọn fẹ́ ya àwòrán sí i kí àwọn lè “predict” irú kókó tó jẹ́ kí àwọn tó pinnu bóyá iṣẹ́ abẹ ló kàn. Èmi náà ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì: “Màmá, wọ́n ní àwọn máa fi àwòrán sọ àsọtẹ́lẹ̀ nípa ẹ̀dọ̀ yín.” Màmá tú gèlè, wọ́n rọra tún un wé, wọ́n wá wò mí látòkè délẹ̀. “Ṣé dókítà yìí ti wá di wòlíì ni? Èmi ní wòlíì nílé.” Dókítà ń retí kí n túmọ̀ èsì fún òun. Mo ní màmá ṣì ń béèrè ọ̀rọ̀ ni. Irọ́ ni mo pa, ojú ló ń tì mí.

Màmá ló jàre. Ẹni tó bá sọtẹ́lẹ̀, ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ ló ń sọ. Kókó tí à ń wí yìí ti wà nínú ẹ̀dọ̀, bí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ṣe rí ti rí bẹ́ẹ̀ kí màmá tó gun orí ẹ̀rọ. Ohun tó pamọ́ ni wọ́n ń wá, kì í ṣe ohun tó ń bọ̀. Ìyá tó ń mi àgbọn sétí kó tó sanwó kò sọ àsọtẹ́lẹ̀ omi kankan. Omi ti wà níbẹ̀ tàbí kò sí níbẹ̀, etí ló fi ń wá a. Àbúrò wa kan ní rédíò ṣáà máa ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́, kò sì sẹ́ni tó ń pè wọ́n ní wòlíì. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òjò ọ̀la kò tíì rọ̀. Kókó ti hù ní tiẹ̀.

“Fòye mọ̀” ni mo fara mọ́. “Fífi àwòrán fòye mọ” ohun báyìí báyìí. Ẹ̀gbọ́n tó ń kọ́ni ní Ìlọrin ti kọ̀ ọ́, wọ́n ní àwọn olùkọ́ gírámà ti gba ọ̀rọ̀ yẹn, pé ọ̀rọ̀-orúkọ afòyemọ̀ lọmọ ilé ìwé máa rántí. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ohun tí a kò lè fọwọ́ kàn ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà pè nínú gírámà, ohun tí a kò tíì lè fọwọ́ kàn náà ni tibí. Kí ló wá burú?

Ó yẹ kí n sọ ohun tí wọ́n ń wò lójú àwòrán náà gan-an, torí púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí à ń wá wà nínú rẹ̀. Ọ̀nà méjì ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọ ẹ̀dọ̀. Iṣan tó ń ti ìfun bọ̀ ló ń gbé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ wá, iṣan tó ń ti ọ̀dọ̀ ọkàn bọ̀ ló ń gbé ìyókù. Jẹjẹrẹ tó hù láti inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ kì í bá ẹ̀dọ̀ jẹun nínú àwo kan náà: ọ̀dọ̀ iṣan tó ti ọkàn wá ló ti ń mu tiẹ̀. Bí wọ́n bá wá fa oògùn tó ń jẹ́ kí inú ara hàn lójú àwòrán sí aláìsàn lápá, ní nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 30 sí 40, kókó á ti tàn yanran nígbà tí ẹ̀dọ̀ tó yí i ká kò tíì tàn. Tó bá fi máa di ìṣẹ́jú-àáyá 70, ẹ̀dọ̀ ti tàn, kókó ti ṣókùnkùn jù ú lọ. Lára ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti le gbagidi, tàbí ẹni tí àrùn mẹ́dọ̀wú B ti bá gbé pẹ́, àmì méjì yìí lára kókó tó ti tó sẹ̀ǹtímítà kan lè tó kí wọ́n pè é ní jẹjẹrẹ láì gún un lábẹ́rẹ́ láti bu ẹran rẹ̀ wò. Àwọn dókítà awòrán ní Amẹ́ríkà ti ní òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń ṣe é láti 2011, LI-RADS ni wọ́n ń pè é: LR-1 ni “dájúdájú, kì í ṣe jẹjẹrẹ”, LR-3 ni “a wà láàárín méjì”, LR-5 ni “dájúdájú, òun ni”. Ẹ wò ó pé ìwọ̀n ìdánilójú ni wọ́n fi í ṣe látòkè délẹ̀. Wòlíì kì í sọ pé òun wà láàárín méjì.

Oògùn tí wọ́n ń fà sí iṣan yẹn, ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ wa pè é ní “aró”. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Aró máa ń mọ́ aṣọ lára ni, èyí kì í dúró, kíndìnrín máa tọ̀ ọ́ dànù. “Oògùn afinúhàn” ló wù mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún un rò, mo rí i pé aró yẹn ti bí ọmọ gidi kan: kí ni aṣọ àdìrẹ tí aró rẹ̀ ti lọ máa ń ṣe? Ó máa ń ṣá. Kókó tàn, kókó sì ṣá. Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ fún ìṣókùnkùn kejì yẹn láti ọdún tó kọjá, “ìfọ̀dànù” ni mo ń lò, ó sì ń rí bí ọ̀rọ̀ ẹni tó ń fọ ìkòkò. Ṣíṣá ni. Ẹni tó mú aró wá, ẹ ṣeun púpọ̀.

Ó ku iṣan. Iṣan ẹ̀jẹ̀ wà, iṣan apá wà, a tún máa ń ní iṣan fa ènìyàn. Ẹ wá fẹ́ di ẹrù mìíràn lé e lórí? Ọ̀kan nínú ohun tó ṣòro jù tí wọ́n ń wá lójú àwòrán jẹjẹrẹ yìí ni bóyá sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ti yọ́ wọ inú àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tíntìntín tó wà létí kókó. Maikirosikóòpù nìkan ló ń fojú rí i, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gé kókó jáde tán, bẹ́ẹ̀ ó ṣe pàtàkì kí wọ́n mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó gé e, torí èyí tó bá ti yọ́ wọlé báyìí máa ń fẹ́ padà wá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Etí kókó tó rí págunpàgun máa ń mú kí wọ́n fura. Bí a bá ti pe gbogbo ẹran náà ní iṣan, báwo la ṣe fẹ́ kọ ọ́ pé jẹjẹrẹ yọ́ wọ iṣan? “Iṣan yọ́ wọ iṣan”?

“Ìhun” ni mo mú wá. Àwọn onímọ̀ èdè ti ń sọ̀rọ̀ ìhun gbólóhùn tipẹ́. Ará Gíríìkì tí òyìnbó yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ẹ̀kọ́ nípa ẹran ara (“histology”), òfì ìhunṣọ ni orírun ọ̀rọ̀ tirẹ̀ náà, Faransé tó bí “tissue” sì wá láti inú ọ̀rọ̀ híhun. A ò yá a lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, Ìsẹ́yìn wà nílé. Ìhun ẹran-ara ni bí sẹ́ẹ̀lì ṣe tò wọ ara wọn, bó fún, bó dẹ̀, bó ṣì jọ ti ẹ̀dọ̀ tó ti jáde tàbí ó ti yà kúrò lára ìdílé pátápátá. Ìyapa yìí ni àwọn onímọ̀ àrùn méjì, Edmondson àti Steiner, pín sí ọ̀nà mẹ́rin lọ́dún 1954. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní “ìpele” o. Ìpele ni à ń pe bí jẹjẹrẹ ṣe tàn dé, aláìsàn tó bá gbọ́ ìpele kẹta máa rò pé ó ti dé fùkù. “Ìwọ̀n ìyapa” ni kí a pè é.

Bí mo ṣe dárúkọ fùkù yìí: ẹni tó túmọ̀ “ẹ̀dọ̀” sí ẹ̀dọ̀fóró nínú èsì rẹ̀, ẹ lọ bá alápatà. Fùkù máa ń léfòó, ẹ̀dọ̀ máa ń rì. Ẹ̀rọ CT tó ń ya àwòrán inú ara náà gbà fún alápatà, torí nọ́ńbà ló ń fún ohun gbogbo: omi jẹ́ òdo, afẹ́fẹ́ jẹ́ 1000 lábẹ́ òdo, ẹ̀dọ̀ tó yè kooro máa ń wà ní nǹkan bí 50 sí 60 lókè òdo kí wọ́n tó fún ni lábẹ́rẹ́, fùkù jìn sísàlẹ̀ òdo lọ́hùn-ún.

Nọ́ńbà wọ̀nyẹn ló gbé mi dé “radiomics”, ìyẹn fífi kọ̀ǹpútà fa nọ́ńbà yọ lójú àwòrán, ọ̀rọ̀ tí ìwé Lambin àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ di mímọ̀ lọ́dún 2012, tí kò tíì sẹ́ni tó fọwọ́ kàn nínú ẹgbẹ́ wa. Dókítà máa ń ka àwòrán bí ẹni ń kàwé. Kọ̀ǹpútà náà ń ka àwòrán, ṣùgbọ́n bí ẹni ń ka owó ni: bí ojú àwòrán ṣe ki tó, bó ṣe rí ṣákaṣàka tó, ọgọ́rọ̀ọ̀rún nọ́ńbà láti ara kókó kan. Ọ̀rọ̀ kan náà la fi ń ṣe méjèèjì ní Yorùbá, ó dùn mọ́ mi nínú, ó sì máa da òǹkàwé rú. “Ìkaye àwòrán” ni mo dá fún ti kọ̀ǹpútà. Ṣáájú kọ̀ǹpútà ọlọ́gbọ́n tòní, lọ́dún 2007, àwọn onímọ̀ kan fi àmì 28 lójú àwòrán CT fòye mọ nǹkan bí ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún nípa bí jíìnì ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Ẹ gbìyànjú kí ẹ fi “sọ àsọtẹ́lẹ̀” sínú gbólóhùn yẹn, kí ẹ wò ó bóyá ó máa wọlé.

Nítorí náà, bí mo ṣe máa kọ ti ẹ̀gbọ́n rèé: “Fífi àwòrán inú ara fòye mọ ìhun jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀.” Àbùdá ti sọnù lójú ọ̀nà, mi ò rí ibi tó ti ṣe wá lóore.

Ọ̀rọ̀ méjì ló kù nílẹ̀. Kókó tó jẹ́ pé etí rẹ̀ nìkan ló tàn bí òrùka, tí àárín dúdú, tó sábà máa ń burú ju èyí tó tàn délẹ̀ lọ, mo pe etí yẹn ní “ìṣẹ́tí”, bíi ti aṣọ. Ẹ wò ó fún mi. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó máa ń yí kókó ká, tó máa ń hàn gbẹ̀yìn lójú àwòrán, òun ni mi ò rí orúkọ fún. Èèpo kọ́, torí èèpo ṣeé bó. Àpò náà kọ́, kò sí ẹnu níbẹ̀. Kí ni alápatà ń pe awọ tó bo kíndìnrín màlúù?