Mo fẹ́ máa ṣe ṣokoléètì nílé, kí ni kí n kọ́kọ́ rà?

Aládùn: Ẹ kú ilé o. Ẹ jọ̀ọ́ ìmọ̀ràn ni mo wá gbà, mo fẹ́ máa fọwọ́ ara mi ṣe ṣokoléètì dúdú nílé. Mo ti ní blẹ́ńdà, mo sì ní ófùn, àmọ́ ohun kan péré lowó ọwọ́ mi lè rà báyìí. Kí lẹ rò pé kí n rà? Ṣé hóró kòkó gan-an ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ ni àbí páúdà?

Alásè_Ilé: Tẹmọ́mítà ni o! Ọ̀rá inú kòkó yẹn, oríṣi ọ̀nà mẹ́fà ló lè gbà dì, ẹyọ kan nínú ẹ̀ ló máa ń dán, tó máa ń dún pá tẹ́ ẹ bá dá a, tí kì í tètè yọ́ síni lọ́wọ́, òun lẹ̀ ń wá, bó ṣe gbóná tó ló sì máa sọ bóyá ẹ máa rí i. Ẹ yọ́ ṣokoléètì yẹn dé 45 sí 50 digiri, ẹ máa rò ó títí á fi tutù wá sí 27 tàbí 28, ẹ wá tún gbé e padà sí 31 tàbí 32 kẹ́ ẹ tó dà á sínú móòdù. Tí mílíìkì bá wà nínú ẹ̀, kí ìgbóná ìkẹyìn yẹn má kọjá 30.

KòkóGidi: Tẹmọ́mítà dáa, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ mọ adùn kòkó, hóró ni kó ti bẹ̀rẹ̀ jàre. Kẹ́ ẹ ṣáà rí i pé èyí tí wọ́n ti fewé bò fún bí ọjọ́ mélòó kan tí wọ́n sì sá gbẹ dáadáa lẹ rà, torí ibi bíbò yẹn ni adùn ẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ yan án nínú ófùn ní bíi 120 sí 140 digiri fún ìṣẹ́jú 20 sí 30, ẹ fọ́ ọ, ẹ fẹ́ èèpo ẹ̀ dànù, ó ku lílọ̀.

SúgàDíẹ̀: Ibi lílọ̀ yẹn gan-an ni wàhálà wà ẹ̀gbọ́n. Blẹ́ńdà ò lè lọ̀ ọ́ kúnná tó, á máa há lẹ́nu bí iyanrìn. Ẹ̀rọ olókùúta tí wọ́n ń pè ní melanger ló lè ṣe é, ó sì lè yí fún wákàtí 24 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kì í sì í ṣe ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú. Aládùn, ẹ fi páúdà kòkó, bọ́tà kòkó (ìyẹn ọ̀rá inú kòkó yẹn) àti ṣúgà tó kúnná lẹ́búlẹ́bú bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ fowó yẹn ra tẹmọ́mítà.

Aládùn: Ẹ ṣé gan-an! Tí mi ò bá rí bọ́tà kòkó ńkọ́, ṣé òróró àgbọn lè ṣe é? Àti mílíìkì olómi, àti oyin?

Alásè_Ilé: Háà, ẹ má dán mílíìkì olómi wò, oyin náà lómi nínú. Omi ṣíbí kékeré kan ti tó láti bà á jẹ́, ṣe ló máa dì gbagidi mọ́ra. Mílíìkì páúdà ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ nu abọ́ àti ṣíbí gbẹ, tó bá sì jẹ́ orí omi gbígbóná lẹ ti ń yọ́ ọ, kí ooru ẹ̀ má wọnú abọ́ o.

KòkóGidi: Òróró àgbọn á ṣe é, àmọ́ bíi 24 digiri ló ti ń yọ́, inú fíríìjì ló máa wà títí dìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́. Ẹ má wá pò ó mọ́ bọ́tà kòkó o, kò ní jẹ́ kó le dáadáa.

SúgàDíẹ̀: Tẹ́ ẹ bá rí nǹkan funfun lójú ẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ẹ má dà á nù. Ọ̀rá ẹ̀ ló sábà máa ń jáde sókè bẹ́ẹ̀, ẹ tún un yọ́ kẹ́ ẹ tún un ṣe bí Alásè ṣe sọ.