Ọmọ ọdún 6 tí kò jẹ́ kí wọ́n dí eyín òun

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin oníṣègùn eyín. Kòkòrò ti jẹ eyín ńlá ẹ̀yìn ọmọbìnrin mi kan nísàlẹ̀, eyín ọmọdé tí kò tíì ká. Ihò náà gba orí ìṣáná. Bó bá mu omi tútù, á di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, ṣùgbọ́n kì í dùn ún lóru, kò sì wú.

Dókítà ya fọ́tò rẹ̀, ó ní ó ṣì ṣeé dí. Ìyá ọkọ mi ní ìfowóṣòfò ni, ṣebí yóò ká fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n irú eyín yẹn kì í sábà ká títí ọmọ fi tó bí ọdún 10 sí 12, bí a bá sì tètè yọ ọ́, àwọn tó kù lè sún wá sí àyè rẹ̀, kí eyín àgbà wá hù wọ́. Èmi gbà pé ká dí i. Ọmọ ni kò gbà.

Tó bá ti gbọ́ ìró ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ eyín báyìí, ẹnu ti pa dé nìyẹn. Mo ti gbé e lé itan, mo ti fi àwòrán eré hàn án lórí fóònù, mo ti ṣèlérí bàtà tuntun. Pàbó.

Dókítà wá ní kí a yan ọ̀kan: yálà kí wọ́n fi irinṣẹ́ ọwọ́ ha á láìlo ẹ̀rọ, kí wọ́n sì fi glass ionomer (ohun kan tí wọ́n fi ń dí eyín) dí i, tàbí kí wọ́n kàn fi oògùn olómi kan, silver diamine fluoride, kùn ún, èyí tó ń dá kòkòrò dúró ṣùgbọ́n tó ń sọ ojú ibẹ̀ di dúdú.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ti ṣe é rí, ṣé èyí tí wọ́n fọwọ́ ha yẹn dúró títí eyín fi ká, àbí ó tètè já?