Báwo ni kí n ṣe kọ́ wọn ní ìtàn àjàkálẹ̀ àrùn 1348?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ìtàn ni mò ń kọ́ ọmọ girama. Àjàkálẹ̀ àrùn tó jà ní Yúróòpù ní 1348, tí wọ́n ń pè ní Black Death, ló kàn wá. Tí mo bá ní àwọn oníṣègùn Paris sọ pé àwọn pílánẹ́ẹ̀tì Saturn, Jupiter àti Mars tó pàdé lójú ọ̀run ní 1345 ló ba afẹ́fẹ́ jẹ́, ẹ̀rín ni wọ́n ń bú sí. Ó ń dùn mí, torí àwọn tó ń sin ọmọ wọn ni. Bẹ́ẹ̀, ní 1377, ìlú Ragusa (Dubrovnik ní Croatia lónìí) ní kí ẹni tó bá ti ibi àrùn wá lo oṣù kan ní erékùṣù Mrkan tàbí ní ìlú Cavtat tó wà nítòsí kó tó wọlé. Ẹ̀yin olùkọ́, ṣé Ragusa ni kí n fi bẹ̀rẹ̀ ni, àbí ìràwọ̀?